Ìwọ̀, Ìyẹ́ Àkùkọ àti Odò Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọjúọrẹ, ní Ìyànà Ìyẹ̀sí àti ní Ìjòkó, àti ẹ̀yin tí bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ ní Sángo lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí. Mi ò sọ ti inú fíríìsà, mi ò sì sọ ti àrọ̀ inú ọ̀gbun tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún láàárọ̀ lálẹ́. Ẹja odò ni mò ń wí, èyí tí ẹnì kankan ò sìn, tó jẹ́ pé ọgbọ́n la fi ń tàn án jáde.

Ìdí tí mo fi mú un wá báyìí ni pé oṣù Ògún ti ń lọ sópin, Ọ̀wẹ́wẹ̀ ló kàn. Ẹni tó bá mọ odò ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé sáà yìí yàtọ̀. Òjò Òkúdù àti ti Agẹmọ ti rọ̀, odò ti kún dé etí, omi ti pọ́n, ó ti ru. Nígbà tó di Ògún, òjò fawọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Omi fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò, ẹrẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀, kó tó di pé òjò Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà tún gbé tirẹ̀ dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn ni ojú odò ń là, tí apẹja oníwọ̀ fi ń rí ibi tó ń ju okùn sí.

Ó ṣeni ní kàyéfì pé ní ilẹ̀ òyìnbó náà, sáà kan náà yìí ni àwọn apẹja kan kì í fi ṣeré. Trout ni orúkọ ẹja tí wọ́n ń lé. Ẹja omi tútù ni, àmì tótòtó pupa àti dúdú wà lára rẹ̀, ibi tí omi mímọ́ gaara bá ti ń sáré lórí òkúta ni ilé rẹ̀. Kò sí i lọ́dọ̀ wa, kò sì lè sí, torí omi wa gbóná jù fún un. Ní gbogbo ilẹ̀ Adúláwọ̀, ìhà àríwá níbi òkè Atlas ní Mòrókò àti Àlùjẹ́ríà nìkan ló ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé e lọ sí àwọn odò orí òkè ní Kẹ́ńyà ní 1905, òtútù ibẹ̀ sì bá a lára mu, ó wà níbẹ̀ dòní.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọn apẹja wọ̀nyí ni ìdẹ wọn. Wọn kì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, wọn kì í fi ẹran sí i. Òwú àti ìyẹ́ ni. Wọ́n á mú ìwọ̀ kékeré, wọ́n á fi òwú wé e, wọ́n á so ìyẹ́ ọrùn àkùkọ mọ́ ọn títí yóò fi jọ kòkòrò tó jábọ́ sómi. Ẹja á rí i, á rò pé oúnjẹ dé, á gbé e hán. Ọgbọ́n yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Aelian ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Makẹdóníà máa ń wé irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n á so ìyẹ́ àkùkọ méjì mọ́ ọn, wọ́n á sì fi tan ẹja alámì tótòtó kan nínú odò wọn. Òwú pupa, ìyẹ́ àkùkọ. Ẹ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú igbá, kẹ́ ẹ gbé e sí oríta kan ní Ọ̀tà níbí, kẹ́ ẹ wo iye ẹni tí yóò yà bàrá. Wọ́n á ní àwọn àgbà ti ṣe tiwọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú jíjù ú. Ìyẹ́ kò wúwo. Ẹ jù ú, ẹsẹ̀ yín ni yóò balẹ̀ sí. Nítorí náà, okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó wúwo. Okùn náà nípọn, ọ̀pá náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ó sì ń tẹ̀ dáadáa. Apẹja á fi okùn sẹ́yìn, á dúró kó nà tán lófuurufú, á wá fì í síwájú, bí ọ̀dọ́mọkùnrin Fúlàní ṣe ń dá pàṣán lójú agbo. Okùn á gbé ìyẹ́ lọ, á sì gbé e kalẹ̀ sójú omi jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fi agbára ṣe é, ọrùn ara rẹ̀ ni okùn yóò lọ́ mọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ń parí lọ, omi odò wọn á ti fà, á mọ́ débi pé ẹja á ti rí ènìyàn kí ènìyàn tó rí ẹja. Apẹja á máa rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, òmíràn á kúnlẹ̀ pàápàá. Kòkòrò tó ń pa nínú omi á ti dín kù lásìkò yẹn, nítorí náà ohun tó ń jábọ́ láti inú koríko ni trout ń retí: tata, eèrà oníyẹ̀ẹ́, àti irú wọn. Apẹja á wá so ìyẹ́ tirẹ̀ kó jọ tata. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ ń yá, torí ọ̀sán gbóná. Bí ooru omi bá ti kọjá ìwọ̀n 20 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á ká okùn rẹ̀, á lọ sílé. Omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn dúró tó omi tútù, ẹja tó bá sì jà fitafita lẹ́nu ìwọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè kú lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a padà.

Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n máa ń dá a padà. Mo sọ èyí fún bàbá kan ládùúgbò wa, wọ́n ní, “Wọ́n jí ní kùtù, wọ́n ra ọ̀pá olówó ńlá, wọ́n rí ẹja mú, wọ́n wá dá a padà?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Wọ́n ní, “Ṣé ebi ò pa ìyàwó wọn nílé ni?” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìjọba wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín. Ní ọ̀pọ̀ odò ní Ìlú Ọba, bí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ bá ti parí, a ò gbọdọ̀ dẹ trout mọ́ títí di oṣù Ẹrẹ́nà, torí ìgbà òtútù ló ń yé ẹyin. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Peckham, ẹ má gbé ọ̀pá lọ sódò bí ẹni ń lọ sóko bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kó tó fi ọ̀pá pẹja nínú odò.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwa Àwórì, omi la tẹ̀lé dé ibi tá a wà. Ìtàn àwọn bàbá wa ni pé àwo tí Ọlọ́fin gbé sójú omi ló ṣáájú, tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa bí a ṣe ń wo odò. Àwọn àgbàlagbà mọ ibi tí ẹja ń sá pamọ́ sí: ẹ̀yìn òkúta, abẹ́ gbòǹgbò igi tó yọ sómi, abẹ́ afárá, àti pàápàá ibi tí omi tó ń sáré bá ti pàdé èyí tó dúró. Ẹja máa ń dúró sínú omi jẹ́jẹ́, á yọjú sí èyí tó ń sáré, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà kọjá. Ohun tí apẹja trout ń wò nìyẹn náà.

Ìdẹ ló máa yà wá sọ́tọ̀. Àrọ̀ kì í fi ojú wá oúnjẹ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ló fi ń tọ́ nǹkan wò, òru ló sì ń jẹ̀. Ẹ fi ìyẹ́ àkùkọ tó dára jù láyé hàn án, kò ní yí ojú wò ó. Ekòló ló mọ̀, ìfun adìyẹ ló mọ̀, ohun tó bá ṣáà ti ń rùn. Ní ìhà odò Ọya, ọṣẹ ni àwọn apẹja míì ń gé sẹ́nu ìwọ̀ fún un, ọṣẹ ìfọṣọ gan-an o, ó sì ń gbé e. Epìyà ní tirẹ̀, ẹja ọ̀sán ni. Ìwọ̀ kékeré ló fẹ́, torí ẹnu rẹ̀ ò tóbi, bí ẹ bá sì po búrẹ́dì tàbí èbà tó le mọ́ ọn, ó tó. Ẹ gé àjákù sílípáàsì kékeré kẹ́ ẹ so ó mọ́ okùn kó lè máa léfòó, kẹ́ ẹ gba òjé díẹ̀ lọ́wọ́ fọkanáísà fún ìsàlẹ̀. Ọ̀pá ọparun ò ju owó tọ́rọ́ lọ. Ìgbà tí sílípáàsì bá rì lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kó rì lẹ́ẹ̀kejì.

Àmọ́ o, ẹja kan wà lọ́dọ̀ wa tí ọgbọ́n ìyẹ́ lè mú. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kéékèèké tí ara wọn ń dán wìnnìwìnnì, tí wọ́n máa ń jẹ̀ lójú omi lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ni mò ń sọ. Ẹ lọ dúró sétí odò nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò, nígbà tí èsúnsún bá jáde, ikán oníyẹ̀ẹ́ tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà sínú omi lábẹ́ iná. Bí ìyẹ́ èsúnsún bá ti já, tó bọ́ sójú omi, ẹ ó rí i bí ojú omi yóò ṣe máa hó. Ẹni tó bá wé òwú àwọ̀ ilẹ̀ mọ́ ìwọ̀ tín-ín-rín, tó fi ìyẹ́ àkùkọ kan ṣoṣo sí i, tó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárín wọn, yóò mọ ohun tí àwọn ará Makẹdóníà mọ̀. Ìyẹ́ ò wọ́n wa. Ilé adìyẹ pọ̀ ní Ọ̀tà débi pé ìyẹ́ ń dí gọ́tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sángo máa ń lọ jókòó sétí odò kan láàárọ̀ kó tó lọ sùn. Mo bá a níbẹ̀. Ó dìde, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, bàbá.” Mo ní, “Ṣé o ti rí nǹkan pa?” Ó ní, “Àrọ̀ ni, sà. Níbí yìí, àrọ̀ nìkan lẹ lè rí. Tí epìyà bá wù mí, mo máa ń wọ ọ̀kadà lọ sókè odò, níbi tí omi ilé-iṣẹ́ ò tíì wọ̀ ọ́.”

Ọmọ náà ò ka ìwé nípa ẹja, ṣùgbọ́n ìwọ̀ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí fún un. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tó fi ń mí nínú omi, èyí tó fi lè gba atẹ́gùn tí èmi àti ẹ̀yin ń mí. Á gòkè wá, á gbé atẹ́gùn mì, á padà sísàlẹ̀. Nínú omi tí ọ́síjìn ti tán, ó ṣì lè wà láàyè. Èyí ló fà á tí ẹ fi lè gbé e láàyè láti ọjà Sángo dé Ìfọ̀ nínú ike tí omi rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹja pẹlẹbẹ ojú omi yẹn ò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Epìyà lè fara dà á díẹ̀. Ẹ ó rí i láàárọ̀ kùtù tó ń yọ ẹnu sókè, tó ń gba omi tó fara kan atẹ́gùn. Bó bá pẹ́ jù, òun náà á lọ, tàbí kó kú. Trout tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òun ni ẹlẹgẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí odò ṣe wà, kó bi oníwọ̀ léèrè pé kí ló ń gbé ìdẹ rẹ̀ lọ́dún yìí, kí ló sì ń gbé e ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Kí ló ń gbé ọ́síjìn lọ? Kì í ṣe kẹ́míkà nìkan. Ẹ̀jẹ̀ màlúù, ìgbẹ́, omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò ńlá ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí. Bí oúnjẹ bá ti pọ̀ fún wọn, wọ́n á bí sí i, wọ́n á sì máa fa ọ́síjìn inú omi títí yóò fi tán. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Covenant, níbí yìí ní ojú ọ̀nà Ìdírókò, tẹ ìwádìí jáde lórí odò Ìlò, wọ́n sì fi hàn pé omi tó ń jáde láti ibi ìpẹran ń ba odò náà jẹ́. Wọ́n ti kọ nípa odò Àtùwarà náà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹrù lé ilé-iṣẹ́ lórí. Ẹran tí à ń jẹ nílé ìgbéyàwó wà níbẹ̀, pámpáásì tí à ń sọ sí gọ́tà lóru wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá ń dúró de òjò ńlá kó tó ṣí páìpù rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, èmi ò ní bá a wá àwáwí.

Odò Òwò ló ń gba ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sísàlẹ̀, inú ọ̀sà Ológè ló ń tú sí. Kó tó débẹ̀, ilé-iṣẹ́ omi Ìṣàṣì ti fà nínú rẹ̀ fún àwọn ará Èkó láti mu. Ẹ̀yin ará Èkó tẹ́ ẹ máa ń fi Ọ̀tà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ rọra o.

Àwọn kan á ní odò tó bá ti bàjẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1957, àwọn onímọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù kéde pé odò Thames ti kú láàárín ìlú náà. Wọ́n tún ibi tí omi ẹ̀gbin ń gbà ṣe, wọ́n fọ omi náà kó tó wọ odò, nígbà tó sì di 1974, wọ́n rí ẹja sámọ́ọ̀nù nínú Thames, ẹja tó jẹ́ ìbátan trout, tó sì lẹgẹ́ bíi tirẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún péré ni. Àwọn oníwọ̀ wọn pàápàá ò jókòó kalẹ̀. Ní Ìlú Ọba lónìí, àwọn apẹja trout máa ń tapá sínú odò lóòrèkóòrè, wọ́n á kó àwọn kòkòrò abẹ́ òkúta sínú àwo funfun, wọ́n á kà wọ́n. Bí iye wọn bá wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ta ìjọba lólobó kí ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn tó ń fi ẹja ṣeré ìdárayá wá di ọlọ́dẹ odò, ẹnikẹ́ni ò sì san owó oṣù fún wọn.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn apẹja kan wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni ọ̀tá odò. Ẹ mọ Gammalin, oògùn kòkòrò kòkó ayé ìjọ́un. Wọ́n á dà á sómi, gbogbo ẹja á léfòó, àti àgbà àti ọmọ ọwọ́ àti ẹyin, wọ́n á ṣa èyí tó tóbi lọ sọ́jà, èyí tó kù á rà sétí odò. Òfin ẹja inú odò ti 1992, Dẹkíríì 108, kò fàyè gba májèlé tàbí ohun abúgbàù nínú odò. Òfin yẹn wà lórí ìwé. Omi tó tán lẹ́yìn ẹja ló sọ ẹja di èrò ìṣasùn, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó da májèlé sómi, kò dúró kí omi tán rárá. Oníwọ̀ ò lè ṣe irú ìparun yẹn bó tilẹ̀ wù ú. Ẹja kan lẹ́ẹ̀kan ni tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ̀yin oníwọ̀ ni pé, lásìkò tí òjò Ọ̀wẹ́wẹ̀ bá padà dé, tí àrọ̀ ń gun etí odò tó kún lọ láti yé ẹyin, èyí tí ikùn rẹ̀ bá rí róbótó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ. Ó yé mi pé yóò dùn yín. Bàbá àdúgbò wa á bú mi.

Ìyá kan tẹ̀ wá láago lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi mí bóyá ó dáa kí wọ́n máa se àrọ̀ tí ọmọ wọn ń mú nítòsí ilé-iṣẹ́. Ìyá wa, èmi ò ní jẹ ẹ́. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ni àrọ̀ ti ń jẹ̀, ohun bí òjé tó bá sì wà nínú ẹrẹ̀ yẹn á wọ inú ẹran ara rẹ̀. Díndín ò lè yọ ọ́, ata ò lè pa á. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó gòkè odò lọ, tàbí kó máa dá tibẹ̀ padà.

Kó sì ra ìwé àjákọ kan. Ọjọ́ tó lọ, ibi tó jókòó sí, irú ẹja tó gbé ìwọ̀, àwọ̀ omi, òórùn omi, kó kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Bí omi bá yí àwọ̀ padà lójijì tàbí tí ẹja bá ń léfòó, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. OGEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà ní Abẹ́òkúta. NESREA ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2007, wà pẹ̀lú. Ẹni tó bá gbé ìwé ọdún kan lọ síwájú wọn, tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú, wọn ò ní rí i lé bí wọ́n ṣe ń lé ẹni tó kàn wá pariwo.

Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀ ní àkókò yìí kan náà, àwọn tó ń fi ìgèrè dẹ odò ní ìhà Adó-Odò ni a ó gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ẹ lọ sùn.